Bí A Ṣe Ń Kọjá Àgbà Lórí Kẹ̀kẹ́

Ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́kadà fi ń wo ojú èèyàn kí wọ́n tó dá iye, ni ọkọ mi ti kẹ̀kẹ́ méjì wọlé. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò kiri ìgboro Ìkàrẹ́. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Ọ̀kan dúdú, èkejì aláwọ̀ ewé, agbọ̀n kékeré kan sì wà níwájú èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ó gbé wọn ti ògiri, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Èyí tó ní agbọ̀n ni tìrẹ, Mọ́mì."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Ní ọjọ́ orí mi yìí?"

"Ọjọ́ orí wo? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

Ẹsẹ̀ ò dùn mí. Tíṣà ni mí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀kà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé, Ìkàrẹ́ la sì ń gbé nítorí iṣẹ́ ìjọba tí ọkọ mi ń ṣe níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mo sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi. Ní Ùgbè tí wọ́n ti bí mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló ń gùn ún, bí mo bá sì fọwọ́ kan aago rẹ̀ lásán, wọ́n á pariwo mọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ jí i gbé.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà nítòsí ilé wa la ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi á di ìjókòó mú lẹ́yìn, á máa sáré tẹ̀lé mi, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú. Mo wọ inú koríko, mo kọlu òpó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń wà á lọ, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ pé kó má fi mí sílẹ̀ o. Kò dáhùn. Mo yíjú wẹ̀yìn, mo rí i lábẹ́ igi máńgòrò ní òpin pápá lọ́hùn-ún, ó ti jókòó, ó ń fi eyín bó máńgòrò. Ìgbà wo ló ti fi mí sílẹ̀? Èmi nìkan ni mo ń wà á! Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé wọn sáré jáde wá wò ó bóyá ejò ni.

Nígbà tí mo yí padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ máńgòrò kan sí mi. Ó ní, "O ti mọ̀ ọ́n wà. Ó ku bí wọ́n ṣe ń kọjá ẹlòmíràn."

"Ṣé ìyẹn náà tún ní ẹ̀kọ́ ni, Dádì?"

"Òun gan-an lẹ̀kọ́."

Ó gun tirẹ̀, ó ń wà á lọ jẹ́jẹ́ níwájú mi, ó ní kí n máa bọ̀ wá kọjá òun. Mo gba ọwọ́ ọ̀tún. Ó dúró. Ó ní ọwọ́ òsì ni. Mo gba ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n n kò wẹ̀yìn. Ó dúró. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi ńkọ́? Mo wẹ̀yìn, mo gba òsì, mo sì lu aago nígbà tí mo ti dé ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ó fò sókè lórí ìjókòó.

"Wò ó, má dá èèyàn níjì! Ìgbà tí o ṣì jìnnà díẹ̀ ni kí o lù ú. Kí àyè sì wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bí o bá kọjá tán, má já síwájú rẹ̀ lójijì, wà á lọ díẹ̀ ná kí o tó padà sí etí ọ̀nà. Níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, má kọjá ẹnikẹ́ni."

"Ó tán?"

"Ó ku kan. Kí ẹni náà."

"Kí n kí i? Nígbà tí mò ń sáré kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn lo kọjá, kì í ṣe òpó iná. Bó o bá dákẹ́ kọjá rẹ̀, á rò pé o ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé n kò tíì lè kọjá ẹnikẹ́ni. Èmi ni gbogbo ayé ń kọjá. Láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, ọ̀nà náà ń gùn ó sì ń sọ̀ láàárín àwọn àpáta ńlá wa wọ̀nyẹn, bí mo bá sì ti dé ibi tó ti ń gùn, ẹsẹ̀ mi á di òjé. Màá gbọ́ aago lẹ́yìn mi, kirin-kirin, màá sì fà sí etí ọ̀nà. Àgbẹ̀ tó di ebu iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ á ní, "Ìyá, ẹ rọra o, ẹ ó débẹ̀." Àwọn bíríkìlà méjì kan tó máa ń jọ lọ ṣiṣẹ́ á kọjá, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ dáhùn bí akọrin: "Ẹ kú ọ̀nà mà!" Obìnrin kan wà tó ń gbé ata lọ sọ́jà. Ó di bàsìà ata mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó wé gèlè, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró. Òun náà kọjá mi. Ó ní, "Màmá tíṣà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má bẹ̀rù!"

Olùkọ́ físíìsì wa ló wá yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ Ìkàrẹ́ gan-an, òun náà ń ti ilé wà á lọ sí Ọ̀kà bíi tèmi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá èèyàn kí wọ́n sì máa lọ. Bó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ńṣe ló máa dúró síbẹ̀, á máa wà á lọ pẹ̀lú mi, á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ á máa fọn fèrè lẹ́yìn wa. Màá ní, "Àbúrò, kọjá tàbí kí o padà sẹ́yìn, èwo lo fẹ́?" Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n parí èyí tí mò ń sọ."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè kọjá èèyàn kí inú rẹ̀ sì dùn. Lórí ọ̀kadà, n kì í rí ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n báyìí, kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́, èèyàn tó ti kí mi ti pọ̀ ju àwọn tó máa kí mi ní gbogbo ọjọ́ yòókù lọ. Bí wọ́n ṣe ń kí mi tún yàtọ̀ síra. Àwọn ará Ìkàrẹ́ á fi ohùn tiwọn kí mi. Bí a bá ti ń sún mọ́ Ọ̀kà, ohùn á yí padà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ará Ùgbè kan á kọjá, yóò sì fi èdè ilé wa kí mi, èyí tí n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi ìyá mi lórí fóònù. Orí mi á wú. Màá tẹ kẹ̀kẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú kan bí ọmọdé.

Ẹni àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kọjá ni obìnrin aláta yẹn. Ẹrù rẹ̀ wúwo lọ́jọ́ náà, ó ń wà á lọ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé mo ń sún mọ́ ọn. Mo wẹ̀yìn. Kò sí ọkọ̀. Mo lu aago láti ọ̀nà jíjìn, mo gba òsì, mo fi àyè sílẹ̀, ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ìkíni pòórá lẹ́nu mi. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ẹ kú ilé o!"

Ó wò mí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

A jọ bú sẹ́rìn-ín lórí títì. Kẹ̀kẹ́ mi ń yí sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀ ló kù kí n wọ gọ́tà.

Báyìí la wà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí àwọn àgbẹ̀ sì padà sóko. Ìgbà náà ni Tíṣà Àgbà dé ojú ọ̀nà wa.

Tíṣà Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkàrẹ́ fún ọdún gbọọrọ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kò ti kọ́ ọmọ. Ó kọ́ ọkọ mi. Ó kọ́ olùkọ́ físíìsì. Ó kọ́ àwọn bíríkìlà méjèèjì, ó sì kọ́ obìnrin aláta. Oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí èèyàn tó wọ Ọ̀kà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a yọ sí títì, a bá a níwájú wa lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gíga àtijọ́. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn tó lọ̀ kan, ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó di àdá mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán bí ẹni tó dúró níwájú àwọn ọmọ lórí ìlà.

Kò yára. Kò sì lọ́ra púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan lára wa tí kì í yára jù ú lọ.

Olùkọ́ físíìsì ló kọ́kọ́ bá a. Ó dín eré kù. Àwọn bíríkìlà bá a lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà dín eré kù. Èmi tí mo máa ń wà lẹ́yìn gbogbo wọn, mo bá gbogbo wọn níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Mo yíjú sí obìnrin aláta, mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó fi ètè tọ́ka síwájú. "Tíṣà Àgbà ni."

"Ẹ ò ṣe kọjá wọn?"

Ojú tó fi wò mí, bí ẹni pé mo ní ká lọ gba fìlà lórí ọba.

Nígbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́, tí a ti pẹ́, tí igbá-kejì ọ̀gá sì ti dúró sẹ́nu géètì tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, mo bi olùkọ́ físíìsì léèrè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin kì í ṣe ará Ìkàrẹ́, ẹ ò lè mọ̀. Bàbá yẹn ló ń lu aago fún wa láti kékeré. Aago ìwọlé, aago oúnjẹ, aago ìlọlé. Ṣé èmi ni mo máa wá lu aago fún wọn?"

"Ìwọ kọjá láìlu aago."

"Kí n dákẹ́ kọjá Tíṣà Àgbà? Ha!"

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bó sì ṣe rí lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Àwa kan bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jáde nílé kí a lè ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá àgbẹ̀ ni, kò sí ẹni tó lè tètè jí jù ú lọ. Ìlà wa ń gùn sí i. Àwọn tí a kò mọ̀ rí, tí wọ́n ń lọ sí ibòmíràn, á bá wa lẹ́yìn, wọ́n á béèrè, wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì tò sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ takisí kan dín eré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yọ orí síta, ó wo ìlà wa láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì juwọ́. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o!" Obìnrin aláta dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, tiyín náà á dé!"

Ohun kan sì ń yà mí lẹ́nu. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ó dà bí ẹni pé bàbá náà ń yára sí i. Àwa náà sì ń yára sí i lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ara bàbá náà ló ń mókun, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún wọn.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èèyàn tó tó báyẹn, ẹ ò rí ẹnì kan tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe? Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Wàá lu aago jẹ́jẹ́, wàá kí wọn, wàá kọjá. Mo ní ìsinmi lọ́jọ́ Ẹtì. Màá bá yín lọ, màá sì fi hàn yín."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ aṣọ tó dáa, ó gun kẹ̀kẹ́ dúdú rẹ̀, a jáde. Ó ń ṣáájú mi, ó ń fi fèrè ẹnu kọ orin. Ó kọjá obìnrin aláta: aago, ìkíni, àyè, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ó kọjá àwọn bíríkìlà. Ó dé ẹ̀yìn olùkọ́ físíìsì. Orin tó ń kọ dákẹ́. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sí orí rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ki fìlà bọ àpò. Ó wá fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi sápamọ́ sẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ibẹ̀ ló sì wà títí a fi dé Ọ̀kà.

"Dádì, kí ló dé?" Mo bi í nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rín ti pa mí.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ọrùn wọn ò tíì yí padà rárá. Bí mo ṣe rí i báyìí, mo rántí pé n kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde fẹ́ ṣe ìdánwò oúnjẹ sísè. Olùdánwò kan ń bọ̀ láti ìta, ọ̀dọ̀ mi sì ni ẹyin wà. Mo kó wọn sínú agbọ̀n iwájú kẹ̀kẹ́, mo fi ìró àtijọ́ tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, mo tún fi òmíràn bò wọ́n lórí. Bí n kò bá tètè dé, àwọn ọmọ náà á kàn dúró ti ìkòkò òfìfo ni. Mo jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, ìkùukùu ṣì bo orí àpáta, n kò sì tíì lọ jìnnà tí mo fi rí wọn níwájú mi, wọ́n tò lọ rẹrẹ, ìbọ̀sẹ̀ Tíṣà Àgbà ló wà níwájú ìlà.

Mo wo ẹyin. Mo wo ìlà. Mo gba àdúrà kúkúrú, mo wẹ̀yìn, mo sì bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Ẹni tí o bá kọjá, kí i. Mo lu aago fún obìnrin aláta. "Ẹ kú ọ̀nà o, mò ń kọjá o." Ó ní, "Ẹ máa lọ, Màmá tíṣà," àfi ìgbà tó wá yé e ibi tí mò ń kọjá lọ. Mo gbọ́ tó ní, "Yéè!" lẹ́yìn mi. Mo kí àwọn bíríkìlà. Wọ́n gbàgbé láti dáhùn. Mo kí àgbẹ̀ elébu, mo kí bàbá kan tó gbé òbúkọ lẹ́yìn, mo kí òbúkọ náà pẹ̀lú, ìdààmú ló fà á. Mo dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ físíìsì.

"Àǹtí, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ sí Ọ̀kà."

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ẹyin wà lọ́wọ́ mi," mo ní, mo sì kọjá rẹ̀.

Ó wá ku èmi àti bàbá náà. Mo fi àtàǹpàkò kan aago bí ẹni kan ilẹ̀kùn yàrá àlejò. Ó dún ẹ̀ẹ̀kan, tín-ín. Bí mo ṣe ń sún mọ́ wọn ni ọkàn mi sọ pé, báwo ni ọmọbìnrin ṣe ń kí irú bàbá yìí láìkúnlẹ̀? Àwa obìnrin kì í kí àgbà ní ìdúró, kí á má tíì sọ ìjókòó. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Orókún ọ̀tún ń lọ sílẹ̀, ti òsì ń gòkè, ti òsì ń lọ sílẹ̀, ti ọ̀tún ń gòkè. Mo ní, ó dáa, ìkúnlẹ̀ nìyí, mò ń kúnlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo tẹ orí ba, mo ní:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọ̀nà sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kọjá."

Wọn kò wò mí. Mo rò pé inú bí wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa bíréèkì, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀. Bíréèkì gbogbo èèyàn sì han lẹ́yìn wa, òbúkọ ké.

"Kí lo sọ?"

Mo ti sọ̀kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dáadáa sórí koríko etí ọ̀nà. "Mo ní mo fẹ́ kọjá ni sà. Tíṣà ni mí ní Ọ̀kà. Ẹ má bínú sà."

"Kọjá?" Wọ́n yọ áńkáṣíìfù, wọ́n nu ojú, wọ́n nu ọrùn. Ìgbà náà ni mo rí i bí wọ́n ṣe ń mí. Èémí wọn ń lọ sókè sódò bí ti ọmọ tó sáré wálé. "Ìyẹn ni pé ẹ lè kọjá?"

Wọ́n ká áńkáṣíìfù náà, wọ́n fi í sápò.

"Ẹ lè kọjá, ẹ ò kọjá! Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín lẹ́yìn mi. Mo ní, àwọn ọmọ yìí ń kánjú, ẹ jẹ́ kí n yára díẹ̀ fún wọn. Bí mo bá yára, ẹ̀yin náà á yára. Mo tún ní kí n fi kún un. Ẹ tún fi kún un! Ìyàwó mi ń bi mí pé ṣé oko ni mò ń lọ ni, àbí eré ìje. Ó ní mo ti ń rù!"

Obìnrin aláta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ ò ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sà, ká lè máa lọ?"

"Báwo ni mo ṣe máa yà? Mo rò pé ẹ ń sìn mí lọ sóko ni. Mo ní àwọn tí mo kọ́ ti pàdé pọ̀, wọ́n ti pinnu láti máa ṣe mí lẹ́yẹ. Bí mo bá wá dúró, ṣé ẹ̀yin náà ò ní dúró?" Wọ́n wo gbogbo wa tí a dúró gbáà lẹ́yìn wọn. "Ẹ wò ó! Ṣé ẹ ò dúró?"

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bóyá èmi ni. Bí ẹ̀rín náà ṣe ya láti iwájú, ó lọ dé ẹ̀yìn. Bíríkìlà kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpáta, ó di ikùn mú. Tíṣà Àgbà fúnra wọn rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà wọn ṣí bọ́, obìnrin aláta sì bá wọn he é.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, bàbá náà na ara wọn ṣánṣán, wọ́n fa kẹ̀kẹ́ sí etí ọ̀nà, wọ́n fi ohùn tó ti mú gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́ wọ kíláàsì rí sọ pé, "Ó yá. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọjá. Kí oníkálukú lu aago, kó sì kí mi. Ìyàwó yìí ló máa ṣáájú, òun ló mọ ohun tó ń ṣe."

Mo lu aago, mo kí wọn, wọ́n sì gbà á fún mi. Ó yẹ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ láìwo ẹ̀yìn? Mo dúró sí iwájú díẹ̀, mo ń wò wọ́n. Àwọn bíríkìlà kọjá, Tíṣà Àgbà sì ní kí ọ̀kan nínú wọn na ẹ̀yìn. Obìnrin aláta kọjá, wọ́n bi í nípa ìyá rẹ̀. Ó kan olùkọ́ físíìsì. Ó lu aago.

"Dúró. Ìwọ yìí, mo rántí rẹ. Ṣé o ti mọ ìsodipúpọ̀?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n sà. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí sà."

"N kò béèrè físíìsì. Méje lọ́nà mẹ́jọ ńkọ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sà!"

"Kọjá."

Ó kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín tó gba gbogbo ojú rẹ̀. Láti ibẹ̀, èmi àti òun la jọ sáré dé Ọ̀kà, ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ la ti rí àǹfààní. Olùdánwò àti èmi pàdé lẹ́nu géètì. Ẹyin kan ṣoṣo ló sán, àwọn ọmọ sì dín ìyókù, wọ́n sè é, wọ́n fi ṣe kéèkì, títí gbogbo yàrá fi ń ta sánsán.

Láti ọjọ́ náà, ara tu Tíṣà Àgbà. Kò sí pé wọ́n ń lé ẹnikẹ́ni tàbí pé ẹnikẹ́ni ń lé wọn. Wọ́n á máa wà á lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á máa kọ orin ìyìn, àwa á máa bá wọn, a ó lu aago, a ó kí wọn, wọ́n á bi wá ní ìbéèrè kan, a ó dáhùn, a ó sì kọjá. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka tàbílì wọn nílé kí wọ́n tó jáde. Èmi, oúnjẹ ni wọ́n máa ń bi mí. "Ìyàwó Ùgbè, kí lo fi ń se ẹ̀gúsí kó má baà dì?" Tí ìdáhùn náà bá gùn, màá wà á lọ pẹ̀lú wọn títí màá fi parí rẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ń parí lọ, wọ́n ní kí n mú ọkọ mi wá sóko lọ́jọ́ Sátidé. A lọ. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n mú wa yí gbogbo ebè ká, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí iṣu bí ẹni ń fi ọmọ han àlejò. Ìyàwó wọn náà wà níbẹ̀, ìyá tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó sì ń fi ojú ẹ̀rín wo ọkọ rẹ̀. Ó ti dá iná sí ẹnu ahéré, ó ti ti iṣu bọ̀ ọ́. Ó fi ọ̀bẹ ha èèpo dúdú kúrò, ó da epo pupa tuntun sínú àwo, ó bu iyọ̀ sí i. Àwa mẹ́rin yí àwo náà ká. Iṣu náà gbóná, ó ń rọ́ lọ́wọ́, ọkọ mi ń fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò sì lè ní sùúrù.

Bí a ṣe ń jẹ ni ojú ọ̀run ṣú, òjò ìparí ọdún kan tí kò sẹ́ni tó retí sọ̀ kalẹ̀ lórí imọ̀ ahéré. A wo kẹ̀kẹ́ wa mẹ́ta níta, tí omi ń ṣàn lára wọn. Ìyá ní kí a má dìde, iṣu ṣì wà nínú iná. Tíṣà Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọkọ mi nípa ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ kọ́ni ní Etíòrò, mo sì sún mọ́ iná, mo mú ègé iṣu mìíràn.